Ọ̀sẹ̀ tí Ọlájùwọ́n Gbadé, tí Ilé Ò Ráyè Pàtẹ́wọ́

Ẹni tó bá ti dúró ní Ṣàngó Toll Gate lọ́sàn-án gangan yóò mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń sinmi. Àwọn kọ̀ǹdọ́ ń pe Abẹ́òkúta, wọ́n ń pe Ìfọ̀, wọ́n ń pe Òṣòdì. Tírélà tó ru sìmẹ́ńtì láti Ewékorò ń fọn fèrè, ọlọ́kadà ń wá ibi tí imú ọ̀kadà rẹ̀ máa gbà. Owó ibodè tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ onímọ́tò níbẹ̀ ti di ìtàn láti ayé ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pa irú àwọn ibodè bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ò lọ. Toll Gate náà ni tọmọdé tàgbà ṣì ń pè é.

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ṣe máa ń pẹ́ ju ohun tó bí i lọ. Nínú òkìríkà tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ̀wù àwọn agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, kò ṣọ̀wọ́n rárá. Ọ̀dọ́ á ná an, á rà á, á wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, nọ́ńbà gàdàgbà á wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá bi í léèrè pé ta ló ni nọ́ńbà yẹn. Nọ́ńbà 34 ti ẹgbẹ́ Houston Rockets, ọmọ Èkó ló wọ̀ ọ́ títí tó fi di ohun àmúyangàn, débi pé ẹgbẹ́ náà ti gbé e kọ́ òrùlé, wọn ò sì ní fún ẹlòmíràn wọ̀ mọ́.

Ìtàn sáà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ fún yín lóṣù yìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa: sáà 1993 sí 1994, tí Hakeem Ọlájùwọ́n gba ife fún ìlú Houston. Kí ẹni tí kò fẹ́ràn eré ìdárayá má ṣí ìwé kọjá o. Ọ̀rọ̀ náà kan Abíọ́lá, ó kan Yẹkínì, ó sì kan àwa tí a wà nílé. Ọjọ́ tí ayọ̀ dé lọ́hùn-ún, ọjọ́ náà gan-an ni ẹkún bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín.

ỌMỌ ONÍSÌMẸ́ŃTÌ

Ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1963 ni wọ́n bí Hakeem sí ìlú Èkó. Salim ni orúkọ bàbá rẹ̀, Àbíkẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́. Òwò sìmẹ́ńtì ni tọkọtaya náà ń ṣe, ilé mùsùlùmí tó mọ ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n sì ti tọ́ ọmọ wọn. Muslim Teachers College ní Èkó ló lọ. Kì í ṣe básíkẹ́ẹ̀tì ló bá wáyé. Bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù tí wọ́n ń pè ní handball ló ń gbá, ó sì tún máa ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti di géńdé, ó ti ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fíofío, kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan lè rò pé ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ pípẹ́ yẹn náà ló gbè é. Handball ti kọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń yí po lójijì, tí ọ̀tá á kọjú síhìn-ín, tí onítọ̀hún á ti kọjá lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ aṣọ́lé ti kọ́ ojú rẹ̀ láti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jù ú. Àwọn òmìrán tó bá pàdé ní Amẹ́ríkà, gíga ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Òun ní gíga, ó tún ní ẹsẹ̀ bíi ti oníjó. Òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí òun gbá nílé ló tún ẹsẹ̀ òun ṣe. Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó sọ ìrìn ẹ̀tàn rẹ̀ yìí lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Dream Shake. Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju eré ọmọ Èkó lọ.

Ní 1980, ó lọ sí Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Ẹgbẹ́ yunifásítì náà dára, òun àti Clyde Drexler ni wọ́n jọ wà níbẹ̀, àmọ́ ife kò yà wọ́n. Ní 1983 wọ́n dé àṣekágbá. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá kí eré parí ni ẹgbẹ́ North Carolina State ju bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀, 54 sí 52. Ní 1984 wọ́n tún dé àṣekágbá. Ẹgbẹ́ Georgetown ló nà wọ́n, 84 sí 75. Òmìrán tó wà ní àárín ẹgbẹ́ Georgetown lọ́jọ́ náà ń jẹ́ Patrick Ewing. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn o, a ṣì máa pàdé rẹ̀ níwájú.

ỌDÚN MẸ́WÀÁ NÍNÚ ÒǸGBẸ

Ní 1984 yìí kan náà, àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi básíkẹ́ẹ̀tì jẹun ní Amẹ́ríkà pàdé láti yan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa gbà. Houston Rockets ló ní àǹfààní láti kọ́kọ́ yàn. Ọlájùwọ́n ni wọ́n mú. Michael Jordan tí gbogbo ayé mọ̀ yìí, ẹnìkẹta ni wọ́n mú un lọ́jọ́ náà. Ní 1986, Ọlájùwọ́n àti òmìrán ẹgbẹ́ rẹ̀, Ralph Sampson, gbé Rockets dé àṣekágbá. Boston Celtics nà wọ́n, 4 sí 2. Gbogbo ènìyàn ní kò burú, ọmọdé ṣì ni wọ́n, wọ́n á tún padà wá.

Wọn ò tètè padà wá. Láti 1988 títí dé 1991, lọ́dọọdún ni wọ́n ń já wọn ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje ife. Ní 1992, wọn ò tilẹ̀ dé ìdíje náà rárá. Ọdún yẹn ni ìjà dé. Ọlájùwọ́n ní iṣan ẹsẹ̀ ń dun òun, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní irọ́ ni, wọ́n ní owó ló ń wá, wọ́n sì dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin náà fárí pé kí wọ́n tà òun fún ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹni tí ènìyàn bá pè lónírọ́ lójú ayé, bóyá ló tún lè bá onítọ̀hún jẹun nínú àwo kan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé títà náà kò bọ́ sí i.

Ohun mẹ́ta ló yí ọ̀rọ̀ padà. Àkọ́kọ́, ọkùnrin náà ti ń padà sí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó tẹra mọ́ ìrun àti ààwẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ní oṣù kẹta 1991 ó sì ní kí wọ́n yéé kọ orúkọ òun ní Akeem bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láti ìgbà tó ti dé Amẹ́ríkà, Hakeem ni kí wọ́n máa kọ. Èkejì, wọ́n fi Rudy Tomjanovich ṣe kóòṣì ní oṣù kejì 1992. Rudy ti gbá bọ́ọ̀lù fún Rockets rí. Ní oṣù kejìlá 1977, níbi tó ti ń sáré lọ là wọ́n níjà, agbábọ́ọ̀lù kan fún un ní ẹ̀ṣẹ́ kan lójú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rán an sọ́run. Ẹni tó ti kú tó jí kì í fi ohùn òkè bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Òun àti Hakeem gbọ́ ara wọn yé. Ẹ̀kẹta, ní 1993 ẹgbẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ olówó tuntun, Leslie Alexander, ìjà àtijọ́ sì bá olówó àtijọ́ lọ.

ÌDÍJE 82

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan mọ́ lára. Nínú básíkẹ́ẹ̀tì, ènìyàn márùn-ún ló máa ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Apẹ̀rẹ̀ náà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ló fi ga sílẹ̀. Ẹgbẹ́ 27 ló wà nínú ìdíje NBA ní sáà tí à ń wí yìí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní láti gbá ìgbà 82 láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹrin. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tó bá yege á wá kojú ara wọn. Ní ìpele àkọ́kọ́ ìgbà náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹta ló ń lọ síwájú. Láti ìpele kejì, ó di ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin. Nítorí náà, kì í ṣe eré oríire. Ẹni tí kò bá lágbára, ó pẹ́ ó yá, àṣírí á tú.

Nígbà tí sáà náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Michael Jordan kéde ní oṣù kẹwàá 1993 pé òun ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́ta léraléra ni òun àti Chicago Bulls ti fi gba ife. Gbogbo ẹgbẹ́ wá ń fojú sọ́nà, olúkúlùkù ń rò pé àga ti ṣófo.

Rockets kò rò ó, wọ́n ń ṣe é. Wọ́n gbá ìdíje àkọ́kọ́, wọ́n borí. Wọ́n gbá ìkejì, wọ́n borí. Wọ́n ń borí lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi pé 15 láìfìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti 1948, tí ẹgbẹ́ Washington Capitols ti ṣe irú rẹ̀, kò tíì sí ẹgbẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ sáà báyìí. Ní Atlanta ni wọ́n ti já okùn náà ní oṣù kejìlá. Rockets tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún borí léraléra, títí ó fi di pé nínú ìdíje 23, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ti nà wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Hakeem nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Otis Thorpe ń bẹ níbẹ̀, akínkanjú tí kì í sọ̀rọ̀. Kenny Smith àti Vernon Maxwell ń bẹ. Mario Elie ń bẹ, Sam Cassell tó jẹ́ ọmọ tuntun náà sì ń bẹ. Ọgbọ́n tí Rudy dá kò le: ẹ gbé bọ́ọ̀lù fún Hakeem lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀tá bá fi ẹnì kan ṣọ́ ọ, á jẹ onítọ̀hún níyà. Bí wọ́n bá fi méjì tàbí mẹ́ta ṣọ́ ọ, á jẹ́ pé ẹnì kan ti dá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí ó gbé e fún onítọ̀hún kó jù ú láti òkèèrè. Ọgbọ́n yìí gba ìrẹ̀lẹ̀. Akọni tó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ògo fún ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀, irú wọn kò pọ̀.

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì 1994 tó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́. Robert Horry, ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù kan, kò ju bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀ tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n tà á fún ẹgbẹ́ Detroit, wọ́n fẹ́ fi gba Sean Elliott. Ọjà ti pé. Àfi bí dókítà ṣe yẹ Elliott wò tí wọ́n rí i pé kíndìnrín rẹ̀ kò dá. Ọjà dàrú, Horry padà sí Houston. Ẹni tí wọ́n ti lé lọ tó tún padà wá, kí ló tún kù tó máa bà á lẹ́rù? Láti ìgbà náà ló ti ń jù ú bí ẹni pé ikú ò sí mọ́. Ẹni tí wọ́n kọ̀ ló wá di ọ̀kan nínú òpó tó gbé ilé náà dúró.

Nígbà tí ìdíje 82 parí, Rockets ti borí nínú 58, wọ́n pàdánù 24. Hakeem fúnra rẹ̀ ń mú àmì 27 ó lé wá nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, ó ń he bọ́ọ̀lù bíi 12, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù tí ọ̀tá jù dànù bíi mẹ́rin.

ÌLÚ TÍ OÚNJẸ HÁ LỌ́FUN

Wọ́n na Portland jáde ní ìpele àkọ́kọ́, 3 sí 1. Ìpele kejì, Phoenix Suns, ẹgbẹ́ Charles Barkley. Ilé Rockets ni wọ́n ti gbá méjì àkọ́kọ́. Ní àkọ́kọ́, Rockets ti fi àmì 18 ṣíwájú, wọ́n sì nà wọ́n. Ní ìkejì, wọ́n ti fi 20 ṣíwájú nígbà tí eré ń lọ sópin, wọ́n tún nà wọ́n! Ẹ̀yin ará, ẹni tó ti bu òkèlè dé ẹnu tó tún já a sílẹ̀, kí la ó ti pe onítọ̀hún? Ìwé ìròyìn ìlú Houston fúnra rẹ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ: Choke City, ìlú tí oúnjẹ máa ń há lọ́fun.

Wọ́n kó ẹ̀gàn náà lọ sí Phoenix. Wọ́n gbá méjì níbẹ̀, wọ́n borí méjèèjì. Wọ́n padà sílé, wọ́n borí ẹ̀karùn-ún. Phoenix mú ẹ̀kẹfà. Ó di ẹ̀keje, Houston borí, 104 sí 94. Ni wọ́n bá yí orúkọ padà, ó di Clutch City, ìlú tí kì í yẹ̀ nígbà ìṣòro. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na Utah Jazz, 4 sí 1. Ó ku àṣekágbá. Ta ni wọ́n bá níbẹ̀? New York Knicks. Ta ló wà ní àárín Knicks? Patrick Ewing, ẹni tó gba ife lọ́wọ́ Hakeem ní 1984. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló wà láàrín ọjọ́ méjèèjì.

OṢÙ KẸFÀ 1994

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ilé nìyí. Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ pọ̀.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, Houston borí, 85 sí 78. Ọjọ́ 10, New York san án padà, 91 sí 83. Ọjọ́ 11, nílé wa níhìn-ín, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá dúró níwájú èrò ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Èkó, ó kéde pé òun ni ààrẹ tí ará ìlú dìbò yàn ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993. Ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1994, tó pé ọdún kan géérégé tí a dìbò, ni Rockets borí New York ní ilé New York, 93 sí 89. Sam Cassell, ọmọdé inú ẹgbẹ́, ló ju bọ́ọ̀lù tó já a. Mélòó nínú wa ló gbọ́? Ẹni tó wà ní Èkó tàbí Ọ̀tà lọ́jọ́ náà, eré New York kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìjọba tilẹ̀ ti ti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Concord àti Punch pa ní oṣù náà, ìròyìn ilé gan-an di ohun à ń yọ́ sọ.

New York borí ní ọjọ́ 15, wọ́n tún borí ní ọjọ́ 17. Ọjọ́ 17 yẹn, àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn kò rí eré náà wò dáadáa. Àwọn ọlọ́pàá ń lé O.J. Simpson lójú títì ní Los Angeles, tẹlifíṣàn sì pín ojú rẹ̀ sí méjì, bọ́ọ̀lù lápá kan, mọ́tò lápá kejì. Ọjọ́ náà ni ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé náà ṣí ní Chicago. Ó dà bí ẹni pé ayé ti pinnu pé òun ò ní wo Hakeem.

Ní báyìí, New York ti ní 3, Houston ní 2. Ọjọ́ 19, ní Houston, Rockets fi àmì méjì péré ṣíwájú, 86 sí 84. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá. John Starks ti New York gbé bọ́ọ̀lù, ó fò sókè láti òkèèrè, láti ibi tí bọ́ọ̀lù bá ti wọlé tí á di àmì mẹ́ta. Bí ó bá wọlé, ife di ti New York, ó parí. Hakeem sáré jáde láti abẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́, orí ìka rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù náà. Ó kan án báyìí ni. Bọ́ọ̀lù ò dé ibi tó ń lọ. Aṣọ́lé ọmọ Èkó ti gbá a dànù.

Ọjọ́ 21, ní Dallas, tí kò ju ìrìn bíi wákàtí mẹ́rin nínú mọ́tò sí Houston, Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje àgbáyé láti ìgbà tí a ti dáyé. Bulgaria ni wọ́n kojú. Ràṣídì Yẹkínì gbá a wọlé, ó sáré wọnú àwọ̀n, ó di àwọ̀n náà mú, ó ń sunkún ayọ̀. 3 sí 0 ló parí sí. Àwòrán yẹn kò tíì kúrò lójú ẹnikẹ́ni tó wò ó. Ọmọ Yorùbá tí ìran rẹ̀ ti Irá ní Kwara wá, tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn fún IICC, tó sì ti gbá a ní Abẹ́òkúta fún Abiola Babes, ẹgbẹ́ tí owó Abíọ́lá dá sílẹ̀, tó gba ife Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Ẹ ò rí bí okùn náà ṣe so pọ̀: ẹni tó sunkún ayọ̀ ní Dallas, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ni ṣọ́jà ń wá kiri nílé.

Ọjọ́ 22, ní Houston, ẹ̀keje dé. Eré náà le. Nínú ìdíje méjèèje, kò sí ẹgbẹ́ tó mú àmì tó 100 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí irú ìdìmú tí wọ́n di ara wọn. John Starks ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejìdínlógún lọ́jọ́ náà, méjì péré ló wọlé. Hakeem mú àmì 25, ó he bọ́ọ̀lù 10, ó gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn ju sápẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀meje. 90 sí 84. Houston gba ife. Ìlú náà kò tíì gba irú ife bẹ́ẹ̀ rí nínú básíkẹ́ẹ̀tì.

Wákàtí mẹ́fà ni aago wa fi ṣíwájú ti Houston nígbà náà. Nítorí náà, nígbà tí ariwo ayọ̀ sọ lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ló ń mọ́ bọ̀ ní Èkó. Ọjọ́ 23 yẹn ni wọ́n mú Abíọ́lá. Kò tún padà sílé rẹ̀ láàyè mọ́. Ọjọ́ 7 oṣù keje 1998 ló kú sí àhámọ́.

Ta ló fẹ́ ráyè pàtẹ́wọ́ fún básíkẹ́ẹ̀tì ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀?

TA LÓ NI ÍN?

Ohun tí Ọlájùwọ́n ṣe lọ́dún náà, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe irú rẹ̀ títí di òní. Àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú sáà, òun ló gbà á, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ti ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù lọ, òun. Ti ẹni tó dára jù lọ nínú àṣekágbá, òun náà ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú sáà kan ṣoṣo. Michael Jordan gba méjì àkọ́kọ́ pọ̀ ní 1988, ẹ̀kẹta kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́dún náà. Ní 2020, ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Gíríìsì ní oṣù kejìlá 1994, Giannis Antetokounmpo, gba méjì pọ̀, àmọ́ ẹ̀kẹta di 2021 kó tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí bí àwọn Gíríìkì ṣe kọ orúkọ yẹn tàn yín jẹ. Adétòkunbọ̀ ni. Yorùbá ni bàbá tó bí i.

Ní 1995, Rockets tún gba ife. Ní oṣù kejì ọdún náà, tó jẹ́ oṣù ààwẹ̀ Ramadan, Hakeem ń gbààwẹ̀, kò mu omi lójú ọ̀sán, ó sì gbá bọ́ọ̀lù débi pé òun ni NBA fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù oṣù náà. Nígbà tí bàtà àwọn agbábọ́ọ̀lù gbówó lórí tí àwọn ọmọ tálákà ń jà sí i ní Amẹ́ríkà, bàtà tirẹ̀ wà lórí igbá ní nǹkan bíi dọ́là 35. Ẹ̀kọ́ ilé ni gbogbo ìyẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń bínú sí i nílé. Wọ́n ní ó gba ìwé ọmọ onílùú Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin 1993, wọ́n ní Amẹ́ríkà ló gba góòlù fún ní Olympics ìlú Atlanta ní 1996, kì í ṣe fún wa. Òótọ́ ni. Ó ti ṣojú Nàìjíríà rí nígbà èwe rẹ̀, débi pé ó ní láti gba àṣẹ kí ó tó lè gbá fún Amẹ́ríkà.

Èmi kò bá wọn bínú. Ẹ tún wo oṣù kẹfà 1994 lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ọmọ Yorùbá mẹ́ta ló gbé ohun tí wọ́n ní síta. Ọ̀kan gbé e síta ní Houston, wọ́n fi ife lé e lọ́wọ́. Ọ̀kan gbé e síta ní Dallas pẹ̀lú ẹ̀wù ilẹ̀ wa lọ́rùn, ayé pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó gbé tirẹ̀ síta ní ilé, lórí ilẹ̀ àwọn bàbá rẹ̀, òun ni wọ́n tì mọ́lé. Ọdún 24 lẹ́yìn náà, ní 2018, ni ìjọba tó sọ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà di ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa. Ilé tó ń san ẹ̀san báyìí fún ẹni tó dúró, ẹnu wo ló máa fi dá ẹni tó lọ lẹ́bi? Àjò kò dùn kí onílé má relé, lóòótọ́. Àmọ́ kí onílé tó relé, ó yẹ kí ilé ṣí ilẹ̀kùn.

Ohun tó tún yẹ ká wò ni pé ilẹ̀ wa kò yàgàn. Ní Paris ní 2024, àwọn obìnrin wa, D'Tigress, di ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú Olympics. Ife Áfíríkà tí wọ́n gbà ní 2025, ìkarùn-ún léraléra ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, òkè òkun ni wọ́n ti kọ́ eré náà. Níbo ni àwọn tó wà nílé máa ti kọ́ tiwọn?

Básíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe eré olówó. Kò gba koríko, kò gba pápá rẹpẹtẹ bíi ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Òpó méjì, irin róbótó méjì, àti ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́, ó parí. Ní agbègbè Ṣàngó sí Ọ̀tà, tí ilé iṣẹ́ ńláńlá tò lọ bẹẹrẹbẹ, tí sìmẹ́ńtì ń gba ojú ọ̀nà kọjá tọ̀sán tòru, kí ilé ẹ̀kọ́ kan máa wá àpò sìmẹ́ńtì tí wọn yóò fi tẹ́ ilẹ̀ kékeré fún àwọn ọmọ, ìtìjú ni. Ọmọ onísìmẹ́ńtì kan ti fi hàn wá ohun tó lè jáde lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin olówó, ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ dákun, ẹ ṣírò iye àpò tó máa gbà, kí ẹ sì rán tírélà kan yà sí ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ yín.